Alf Ramsey àti Àwọn Ọmọ Ipswich

  Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ bọ́ọ̀lù, àwọn ọ̀dọ́ á na etí, àwọn àgbà kan á sì ṣíjú kúrò pé eré ọmọdé ni. Kí ẹ̀yin àgbà fara balẹ̀ bá mi lọ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan ẹnikẹ́ni tí a bá fi ènìyàn sí abẹ́ rẹ̀: olùkọ́, ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́, ìyá ọlọ́mọ, baba ọlọ́mọ.

Ìlú kan wà ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Ipswich, ní àgbègbè Suffolk tí àwọn àgbẹ̀ pọ̀ sí. Láti ọdún 1888 ni wọ́n ti dá líìgì bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1938 ni ẹgbẹ́ Ipswich tó rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1955, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já wálẹ̀ láti ìpele kejì sí ìpele kẹta. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín ìpele kẹta sí, ìhà àríwá àti ìhà gúúsù. Ti gúúsù ni Ipswich bọ́ sí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n fi ọkùnrin ẹni ọdún 35 kan ṣe akọ́nimọ̀ọ́ngbá wọn. Alf Ramsey ni orúkọ rẹ̀. Kò tíì darí ẹgbẹ́ líìgì kankan rí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, nílé wọn níbẹ̀, ẹgbẹ́ Torquay ni ó fi góòlù 2 sí 0 nà wọ́n. Ìbẹ̀rẹ̀ kò dùn. Ṣùgbọ́n a kì í ti ojú ọ̀nà mọ bí ọjà ti kún tó.

Ta ni Ramsey yìí? Agbábọ́ọ̀lù ni òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni ó máa ń ṣọ́, fún Southampton àti fún Tottenham, ìgbà 32 ni ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbọ́ ohun tó yani lẹ́nu: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Àwọn tó wà níwájú a máa sáré jù ú lọ. Àmọ́ kì í tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ibi tí kò yẹ. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ibì kan, òun ti dúró níbẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ọ̀gágun.

Ní Tottenham, lábẹ́ ọ̀gá wọn Arthur Rowe, ó kọ́ pé kí ènìyàn má ṣe di bọ́ọ̀lù mú. Kí ó yára fi í fún ẹnìkejì, kí ó sì sáré lọ sí ibi tó ṣófo. Ọgbọ́n yìí ni Tottenham fi gba ipò kìíní ní ìpele kejì ní 1950, tí wọ́n sì tún fi gbà á ní ìpele kìíní ní 1951. Lẹ́yìn èyí, ní oṣù kọkànlá 1953, àwọn ará Hungary wá sí Wembley, wọ́n sì fi 6 sí 3 na ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Hidegkuti, ẹni tó wọ aṣọ 9 nínú wọn, kò dúró síwájú bí ti gbogbo ẹni tó ń wọ 9. Ó sún sẹ́yìn, ẹni tó yẹ kó ṣọ́ ọ kò sì mọ̀ bóyá kí òun tẹ̀lé e tàbí kí òun dúró. Ramsey wà lórí pápá lọ́jọ́ náà. Òun ló tilẹ̀ gbá pẹnáritì wọlé fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí ó dé Ipswich, kí ni ó bá nílẹ̀? Kò bá owó. Ó bá ọkùnrin ará Scotland kan, Jimmy Leadbetter, tí ara rẹ̀ tín-ín-rín, tí kò sì lè sáré. Leadbetter ti pé ẹni ọdún 27, ẹgbẹ́ náà kò sì tíì rí ohun tí wọn óò fi í ṣe. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá mìíràn ni, ìbá ní kí ó máa lọ sílé. Ramsey ní kí ó lọ gbá wíńgì òsì, aṣọ 11.

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín. Wíńgì kẹ̀? Ṣé kì í ṣe ẹni tó bá lè sáré bí ẹtu ni à ń fi sí wíńgì? Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n Ramsey wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà náà, nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ ni ó ń sọ ẹni tí kálukú yóò ṣọ́. Ẹni tó wọ 2 ní ń ṣọ́ ẹni tó wọ 11 nínú ẹgbẹ́ kejì. Ẹni tó wọ 3 ní ń ṣọ́ ẹni tó wọ 7. Ẹni tó wọ 5 ní ń ṣọ́ ẹni tó wọ 9. Leadbetter wọ 11, ṣùgbọ́n kò wá síwájú. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni ó dúró sí, ní ìhà tiwọn. Ẹ wá wo ìyọnu tó bá ẹni tó wọ 2. Bí ó bá tọ̀ ọ́ lọ, ó fi ilé sílẹ̀ láìsí olùṣọ́. Bí ó bá dúró sílé, Leadbetter ní àyè láti gba bọ́ọ̀lù, láti gbójú sókè, láti yan ibi tí yóò gbá a sí. Èyí tí ó wù kí ó mú nínú méjèèjì, ó jìyà rẹ̀.

Nítorí pé ẹsẹ̀ Leadbetter kò yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yá, bọ́ọ̀lù tó bá sì gbá kì í ṣìnà. Ibi tó ṣófo ni ó ń gbé e sí, níwájú àwọn atamátàsé méjì. Ọ̀kan ni Ted Phillips, ọmọ Suffolk níbẹ̀, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ bí ọta ìbọn. Èkejì ni Ray Crawford, tí wọ́n rà lọ́wọ́ Portsmouth ní 1958, tí kì í pàdánù bó bá ti súnmọ́ àwọ̀n. Nígbà tí Roy Stephenson dé ní 1960, wọ́n fi í sí wíńgì ọ̀tún, òun náà kì í sì í jìnnà sí ẹ̀yìn.

Díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ṣe. Ní sáà 1955 sí 1956, ipò kẹta ni wọ́n wà. Ní sáà tó tẹ̀lé e, wọ́n gba ipò kìíní ní ìpele kẹta. Phillips nìkan gbá góòlù 41 wọlé. Àmì àwọn àti Torquay dọ́gba, ìṣirò góòlù ni ó gbé Ipswich lékè. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ rántí Teslim Balógun tí gbogbo ayé ń pè ní Thunder, ìpele yìí kan náà, ní sáà yìí kan náà, ni òun náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé pápá àwọn ọmọdé ni mo ń sọ.

Ní 1961, Ipswich gba ipò kìíní ní ìpele kejì. Crawford gbá góòlù 40 wọlé. Wọ́n bọ́ sí ìpele kìíní fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Nǹkan bí £30,000 ni wọ́n ná láti fi ra gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Tottenham san £99,999 lórí Jimmy Greaves nìkan ṣoṣo. Ẹ fi ojú inú wo ìyẹn!

Síbẹ̀, Ipswich fi 6 sí 2 na Burnley. Wọ́n na Tottenham nílé, wọ́n tún lọ nà án nílé tirẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 1962, wọ́n fi 2 sí 0 na Aston Villa. Crawford ló gbá méjèèjì wọlé. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìpele kìíní di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àmì 56. Burnley ní 53, Tottenham ní 52. Leadbetter ti di ẹni ọdún 33 nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì yá.

Ẹ̀yin ará, gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ramsey kò sọ Leadbetter di ẹlòmíràn. Kò fi ẹgba lé e pé kí ó sáré. Ó wo ohun tí ọkùnrin náà lè ṣe, ó sì wá ibi tí àìlèsáré rẹ̀ kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá ń lu ọmọdé nítorí pẹpẹ, tí ó sì ń bú àgbà nítorí kèrègbè, òun ni kò mọ iṣẹ́.

Mélòó nínú wa ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Nínú kíláàsì, ọmọ kan wà tí kì í tètè dáhùn. Bí a bá bi í léèrè, a ti pe ẹlòmíràn kí ó tó la ẹnu. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a ti sọ ọ́ ní olódo. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá fún un ní àyè láti ronú, ìdáhùn rẹ̀ lè jinlẹ̀ ju ti àwọn tó ń pariwo lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ọmọ má ṣì mí gbọ́ o. Àyè tí a fún ènìyàn kò ní bá a ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù tí Leadbetter ń gbá bá ń ṣìnà ni, Ramsey ì bá fi í sí ibikíbi, asán ni.

Ó ku apá kan, n kò sì ní fi pamọ́. Ọgbọ́n ọdún nìí, wèrè ẹ̀míì. Ní oṣù kẹjọ 1962, Bill Nicholson, ọ̀gá Tottenham, ti rí àdììtú náà tú. Ó ní kí àwọn tó ń gbá àárín lọ máa ṣọ́ Leadbetter àti Stephenson, kí àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún mọ́ àárín láti dè Crawford àti Phillips. Góòlù 5 sí 1 ni wọ́n fi na Ipswich, nílé Ipswich. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù náà kọ́ ọ. Wọ́n pe Ramsey láti wá darí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lọ tán pátápátá ní 1963. Ní sáà tó tẹ̀lé e, góòlù 121 ni wọ́n gbá wọ ilé Ipswich, ẹgbẹ́ náà sì já padà sí ìpele kejì ní 1964.

Ṣé asán ni iṣẹ́ náà nígbà náà? Rárá. Ẹ wo ohun tí Ramsey ṣe nínú ìdíje ife àgbáyé 1966. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó dán wíńgà mẹ́ta wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Connelly, Paine àti Callaghan. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi wíńgà sílẹ̀, ó mú Alan Ball àti Martin Peters tí wọ́n lè máa gbá àárín láìsinmi. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje, wọ́n fi 4 sí 2 na Jámánì Ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì gbé ife. Ìlànà Ipswich kọ́ ni ó tún gbé wá. Ojú tí ó fi wo Ipswich ni ó fi wo àwọn ọmọ tuntun yìí.

Ìlànà a máa gbó bí aṣọ. Ojú tó mọ ènìyàn wò kì í gbó. Kí ẹni tí ó ní ènìyàn lábẹ́ tún wọn wò kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, pàápàá ẹni tí a ti sọ pé kò wúlò.