Ẹ Yẹ Tiráfíkétọ̀ Wò Kí Ẹ Tó Gun Alùpùpù

 Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí inú ẹni. Tiráfíkétọ̀ ló ń sọ fún un pé a fẹ́ yà.

Bí iná kan ṣoṣo bá kọ̀, ẹ kọ́kọ́ tú gúlóòbù rẹ̀ wò. Bí kò bá jó, ẹ ha ìpẹtà inú ihò rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì wo wáyà ẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń ṣẹ́jú wàràwàrà ju èkejì lọ, ó lè jẹ́ pé gúlóòbù kan ti kú níbẹ̀, tàbí pé agbára rẹ̀ kéré. Èyí tó dára máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 60 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kú, ẹ wo fíúsì àti bátìrì. Bí wọ́n bá dára, tí fúláṣà sì jẹ́ oníwáyà méjì, ẹ yọ wáyà méjèèjì, ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tẹ súwíìsì. Bí iná bá tàn láì ṣẹ́jú, fúláṣà ló bàjẹ́.

Bí alùpùpù bá jẹ́ ti iléeṣẹ́, ẹ kọ àléébù rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá kí ẹ tó gbé e jáde, kí ẹ sì sọ fún aṣojú ẹgbẹ́ yín. Owó gúlóòbù kò tó owó ẹsẹ̀ ènìyàn. Ẹ má ṣe dá nìkan jà. Ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn yín.