Irin Tí Kì Í Dípẹtà, Tó Sì Ń Sán



Nígbà tí ìròyìn àkòrí ọ̀rọ̀ mi yìí jáde, àwọn kan bi mí pé ṣé ríákítọ̀ núkílíà tó wà ní Zaria fẹ́ bẹ́ ni. Rárá o. Ríákítọ̀ NIRR-1 tó wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 2004, agbára rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kílówáàtì 30 lọ. Ìwádìí àti ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe, kì í ṣe iná mànàmáná. Omi tó ń tù ú lára kì í hó, kò sí pọ́ǹpù tó ń tì í kiri. Ní 2018 wọ́n pààrọ̀ uranium inú rẹ̀ sí irú èyí tí kò ṣeé fi ṣe bọ́ǹbù, wọ́n sì dá ti àtijọ́ padà sí Ṣáínà. Ẹni tó bá ń wá páìpù tó lè sán ní ìpínlẹ̀ Kàdúná wa, ọ̀nà Kachia ni kó kọjú sí, níbi tí ilé ìfọpo wà.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irin náà. Sitéńlẹ́ẹ̀sì kì í ṣe irin tí ìpẹtà ń bẹ̀rù. Chromium inú rẹ̀ ló ń bá afẹ́fẹ́ pàdé, tó ń di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo irin náà. Bí awọ yẹn bá ha, òmíràn á hù. Irú tó wọ́pọ̀ jù ní ọjà Panteka ní Kàdúná ní chromium bíi 18 àti nickel bíi 8 nínú 100. Kó tó sán, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ pàdé lára rẹ̀: àléébù nínú irin, èròjà búburú nínú omi tàbí afẹ́fẹ́ tó yí i ká, àti agbára tó ń fà á. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, kò ní sán. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ẹ ò ní rí ìpẹtà, irin náà ò ní wú, ìlà tó tín-ín ju irun orí lọ ni yóò máa rìn nínú rẹ̀. Ní ìlú Uster, ní Switzerland, ọ̀pá sitéńlẹ́ẹ̀sì ló gbé àjà kọnkéré ilé ìlúwẹ̀ẹ́ kan dúró. Chlorine inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá wọn jà títí, àjà náà sì já lu àwọn ènìyàn ní 1985. Ènìyàn 12 kú.

Ojú ibi tí wẹ́dà ti fi iná so irin pọ̀ ni nǹkan mẹ́ta yìí ti sábà ń pàdé. Bí irin bá gbóná láàárín 500 sí 800 °C, carbon inú rẹ̀ á gba chromium mọ́ra, àyíká hóró irin á sì ṣófo. Bí ó bá ń tutù, á máa sún kì, á máa fa ara rẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ páìpù ríákítọ̀ tí omi ń hó nínú wọn ní Amẹ́ríkà ṣe sán láàárín ọdún 1970 sí 1989. Ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n lò ni irin tí carbon rẹ̀ kéré, bíi 0.03 nínú 100 dípò 0.08.

Irin tí carbon rẹ̀ kéré yìí náà ni ilẹ̀ Faransé fi ṣe páìpù tirẹ̀. Síbẹ̀, ní òpin 2021, nígbà tí wọ́n ń yẹ ríákítọ̀ Civaux wò bí wọ́n ti ń ṣe ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ fi hàn wọ́n pé páìpù ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wẹ́dà. Wọ́n ti ríákítọ̀ kan pa, wọ́n ti òmíràn. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ 2022, ó ju ìdajì ríákítọ̀ 56 wọn lọ tí kò ṣiṣẹ́, àwọn kan fún àtúnṣe tó ti wà létò tẹ́lẹ̀, àwọn kan nítorí sísán yìí. Ogun Ukraine sì ti gbé owó gáàsì lọ sókè nígbà náà! Wọ́n ránṣẹ́ pe wẹ́dà láti Amẹ́ríkà àti Kánádà. Fún tèmi, pé wọ́n lè sọ pé "ẹ pa á" nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀ ga ju gbogbo ẹ̀rọ wọn lọ.

Èyí tó burú jù ni ti ríákítọ̀ Penly, ní Faransé kan náà, tí wọ́n kéde ní 2023. Páìpù náà nípọn 27 mm. Ojú sísán ti jẹ 23 mm wọnú rẹ̀. Kí ló fà á? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún ojú wẹ́dà yẹn ṣe nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́ náà, ìyẹn ṣáájú 1990.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀nà Kachia. Ilé ìfọpo wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980, ó sì lágbára láti fọ àgbá epo rọ̀bì 110,000 lójúmọ́. Gbogbo epo rọ̀bì ló ní sulphur, ó pọ̀ ni o, ó kéré ni o. Níbi tí iná ti ń jó páìpù sitéńlẹ́ẹ̀sì, sulphur yìí á di èèpá mọ́ ọn lára. Bí iṣẹ́ bá ń lọ, kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa iná, tí wọ́n ṣí páìpù, tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin wọlé, èèpá á di ásíìdì, páìpù tó ti gbóná lọ́dún gbọọrọ á sì sán nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lò ó. Ìdí nìyẹn tí ìlànà iṣẹ́ fi ní kí a fi omi tí a po soda ash mọ́ fọ̀ ọ́ kí ó tó rí afẹ́fẹ́, tàbí kí a fi nitrogen kún un. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń sọ fún wa pé ilé ìfọpo tó ti dákẹ́ láti ọdún mélòó kan fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ohun tí èmi yóò béèrè ni bí wọ́n ṣe tọ́jú páìpù náà lọ́jọ́ tí wọ́n pa iná.

Ìjọba ti ń sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ iná núkílíà ní Geregu àti Itu. N kò lòdì sí i. Ọwọ́ tó lè jó irin pọ̀ kò wọ́n wa, ẹ lọ wo Panteka. Ìwé ni ká kọ́kọ́ ní, ìwé tí yóò sọ ẹni tó jó ojú kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó jó o, àti iye ìgbà tí wọ́n tún un ṣe, kí ọmọ tí a kò tíì bí lè ṣí i wò ní ọgbọ̀n ọdún sí i. Ilé ìfọpo Kàdúná ni mo fẹ́ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ìwé náà sì ti wà nílẹ̀ kí epo àkọ́kọ́ tó wọ páìpù.