Ọ̀nà Ọ̀fun: Àyẹ̀wò Tó Ń Ṣáájú Iṣẹ́ Abẹ Tán-án-ná



Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Alájẹjù ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá iṣẹ́ abẹ ọ̀fun mu pẹ̀lú. Ó sì kàn wá ní Dakace níbí. Olùkọ́ ń fi ohùn jẹun, oníṣòwò ń fi polówó, ládàánì ń fi pe ìrun, oníwàásù ń fi wàásù. Bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo àti oyin mọ́. Ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello ní Shika. Bí èémí bá wá ń dún tàbí tí ó ń há, ẹ má dúró rárá, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.

Ìdí tí ọ̀nà náà fi ń nira

Inú gògóńgò ni tán-án-ná wà, awẹ́ méjì tó ń gbọ̀n nígbà tí èémí bá gba àárín wọn kọjá, tí ohùn fi ń jáde. Ní 1854, Manuel García, ọmọ ilẹ̀ Spéènì tó ń kọ́ni ní orin, fi dígí kékeré oníṣègùn eyín àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn wo tirẹ̀. Dígí lè wo kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n abẹ kò lè yà sí kọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ kókó tó hù sórí tán-án-ná, wọn á kun aláìsàn lóorun, wọn á sì ti páìpù irin kan gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Páìpù yìí tọ́ gbọnrangandan, ọ̀nà láti ẹnu dé gògóńgò ni ó tẹ̀. Lára ẹlòmíràn, tán-án-ná á hàn kedere. Lára ẹlòmíràn, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n á rí, tàbí kí wọ́n má rí nǹkan kan. Kókó lè ṣẹ́ kù, eyín lè kán. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tètè rí ọ̀nà wọlé, ẹ̀mí wà nínú ewu.

Ohun tí dókítà ń wò

Ní 2014, àwọn dókítà kan ní Ítálì kó ohun 11 jọ tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìnira yìí ṣáájú. Lára wọn ni:

(i) Ẹnu: ó dára kí ìka mẹ́ta lè wọ àárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀.
(ii) Eyín òkè: bóyá ó pé, tàbí ó yọ síwájú.
(iii) Àgbọ̀n: bí ó bá kéré, tí kò jìnnà sí gògóńgò, ahọ́n kò ní rí àyè sún sí.
(iv) Ọrùn: bóyá orí ṣe é gbé sẹ́yìn, àti bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ tàbí ìtọ́jú onítànṣán síbẹ̀ rí.
(v) Bí ara ṣe sanra tó.
(vi) Ẹ̀yìn ọ̀fun.

Dókítà Seshagiri Mallampati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston, Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbé àyẹ̀wò kẹfà yìí jáde ní 1985. Ẹ ó jókòó, ẹ ó yanu, ẹ ó yọ ahọ́n síta. Bí ahọ́n bá bo ẹran kékeré tó so rọ̀ ní ẹ̀yìn ọ̀fun, àmì ni pé ọ̀nà lè nira. Kí àwa tí a ń gbé ilẹ̀ Hausa fi etí sí èyí dáadáa. Ẹran kékeré náà ni wọ́n ń pè ní beli, tí wanzam máa ń gé fún ọmọ titun. Ẹni tí wọ́n ti gé tirẹ̀, dókítà kò ní rí i, bó ti wù kí ó yanu tó. Ẹ sọ fún un, kí ó má baà ka àmì náà ní òdì.

Àyẹ̀wò kò mọ gbogbo nǹkan

Ní Denmark, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, lórí aláìsàn tó lé ní 188,000 tí wọ́n fi rọ́bà èémí sí lọ́fun. Nínú gbogbo èyí tó nira, nǹkan bí 93 nínú 100 ni wọn kò retí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí kò sọ pé kí a pa àyẹ̀wò tì. Ohun tó ń kọ́ wa ni pé kí ìmúrasílẹ̀ wà fún gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ dà bíi pé ó rọrùn.

Ojúṣe tiwa

Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ nítorí ìtìjú: eyín àtọwọ́dá, eyín tó ń mì, híhanrun lálẹ́, ọrùn tó ń dunni, iṣẹ́ abẹ àtijọ́. Kí ẹbí béèrè pé, “Bí ọ̀nà bá nira, kí lẹ ti pèsè sílẹ̀?” Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i. Bí wọ́n bá sì sọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pé ọ̀fun yín nira, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún yín. Ẹ tọ́jú ìwé náà bí ẹ ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, kí ẹ sì fi han ọmọ yín kan, nítorí ẹni tí wọ́n bá gbé dé ilé ìwòsàn láìmọra kò lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀.

 Kí Ọlọ́run bá wa pa ohùn àti ẹ̀mí wa mọ́ o. Àmín.