Àgbàlá Ààfin Ògògà

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, àgbàlá kan péré ni ọ̀rọ̀ mi dá lé: ti ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Àárín rẹ̀ kò ní òrùlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó yí i ká, òpó igi ni ó sì gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ró. Láàrin ọdún 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ àwọn òpó náà. Nínú èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, ọba jókòó, ẹyẹ bà lé orí adé rẹ̀. Ṣùgbọ́n olorì àgbà tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ga jù ú lọ fíìfíì. Ọlọ́wẹ̀ mọ ọwọ́ tí ń gbé adé ka ọba lórí!

Láti 1984 ni òpó yìí ti wà ní Chicago. Ilẹ̀kùn ààfin kan náà lọ sí àfihàn Wembley ní 1924, kò sì padà. Ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ògògà gbà dípò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ààfin kọ́, kí ẹ tó fi páànù bo ojú àgbàlá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka iye òpó tí ó kù, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn sílẹ̀.