Owó Oṣù Ọ̀gá ní Iléeṣẹ́ Rédíò Ìjọba

Owó ìjọba àti owó ìpolówó ọjà ni rédíò àti tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ fi ń gbọ́ bùkátà. Iṣẹ́ ìjọba tí mo ṣe jẹ́ kí n mọ̀ pé bí owó bá wọ́n, ti òṣìṣẹ́ kékeré ló kọ́kọ́ ń falẹ̀. Èló wá ni ọ̀gá àgbà ń gbà? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òfin ọdún 2011 fún wa láṣẹ láti béèrè, ọjọ́ 7 ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé.