Ìnasẹ̀ Létí Odò Ògùnpa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn)

Ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó lè mú kí ìlú wa tuni lára. A ronú títí, a kò rí ohun tí ó sún mọ́ wa ju ìnasẹ̀ lọ: kí ènìyàn dìde ní ìrọ̀lẹ́, kí ó mú ọ̀pá rẹ̀, kí ó máa rìn gbẹ̀rẹ̀ létí odò ìlú rẹ̀, láìjẹ́ pé ó ń lọ sí ọjà tàbí pé ó ń lọ sin gbèsè.

Àwọn kan yóò wí pé ìwà òyìnbó ni èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Kí omi ẹ̀rọ tó dé, ẹsẹ̀ odò ni ìlú ti ń pàdé. Níbẹ̀ ni a ti ń pọn omi ní òwúrọ̀, tí a ti ń fọ aṣọ ní ọ̀sán, tí àwọn ọmọdé sì ti ń lúwẹ̀ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Níbẹ̀ ni a ti ń gbọ́ orúkọ ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, àti ẹni tí ó ti àjò dé. Nígbà tí ìsédò Ẹlẹ́yẹlé parí ní 1942, ó gbà wá lọ́wọ́ làálàá, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni a kẹ́yìn sí àwọn odò àárín ìlú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, a mú mẹ́fà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, a ní kí wọ́n bá wa tọ Ògùnpa láti Agódi sọ̀ kalẹ̀. Ní ọgbà Agódi, níbi tí a ti sé odò náà di adágún, ara tù wá. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí omi, ẹyẹ ń ké, ọmọ ń sáré yí ìyá rẹ̀ ká. A sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Ìbàdàn, kí ó má ṣe gun Òkè Màpó nìkan, kí ó tọ àfonífojì pẹ̀lú. Nítorí àfonífojì ni ohun gbogbo tí ìlú bá dànù ń gbà kọjá.

Bí a ti ń sún mọ́ ọjà Ògùnpa, lẹ́bàá Gbági àtijọ́, a kò lè rìn láìdi imú. Kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ilé àti ẹ̀yìn ìsọ̀ ni ó kọ sí omi. Ike, ọ̀rá àti àkísà bo ojú odò. A ń fi ọ̀pá wa tọ́ka, a ń wí pé, "Ẹ wo ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe!" Bẹ́ẹ̀ ni àgbàdo sísun wà ní ọwọ́ wa kejì. Nígbà tí a jẹ ẹ́ tán, a sọ ṣùkù rẹ̀ sínú odò. Àwa fúnra wa kò mọ̀ pé a ṣe é.

Ìyá àgbà kan tí ń ta ata lẹ́bàá afárá wí pé, "Ẹ má bínú o, Àlùfáà. Ibi tí ẹ sọ ṣùkù sí un, ibẹ̀ ni omi ti gbé àbúrò mi lọ ní ọdún 1980." Ó wí i jẹ́jẹ́, ó sì ń to ata rẹ̀ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dorí kodò. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà, ṣùgbọ́n omi ti gbé ṣùkù lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú yín rántí ọjọ́ Àìkú náà, 31 Oṣù Kẹjọ, 1980. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ògùnpa, tí ó ti kún bo bèbè rí ní 1963 àti ní 1978, tún dìde. Ó wó ilé, ó gbé mọ́tò, ó sì gba ẹ̀mí tí ó lé ní 200. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba fi kọnkéré mọ bèbè odò náà ní ibi púpọ̀. Síbẹ̀, ní 26 Oṣù Kẹjọ, 2011, omi tún ya wọ Ìbàdàn, ó sì tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Ẹ jẹ́ kí a má di ẹ̀bi náà ru òjò nìkan. Bí a bá fi ìdọ̀tí dí ojú omi, tí a sì kọ́lé sí ibi tí omi ń tẹ́ sí, omi yóò wá ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà náà sì lè jẹ́ yàrá wa.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń pe ìnasẹ̀ ní iṣẹ́ ìlú. Ẹni tí ń rìn létí odò ni yóò kọ́kọ́ rí i pé ojú omi ti ń dí. Odò tí ènìyàn ń ṣe fàájì létí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ojú yóò tì í láti sọ ọ́ di ààtàn ní òwúrọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjòyè àti olórí ẹbí, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ta bèbè odò fún ẹni tí yóò kọ́lé. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ bá wa wá ibi tí a ó máa da ìdọ̀tí ọjà sí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú àwọn ọmọ lọ wo odò àdúgbò wọn, kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n mọ ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ní ti àwa, a ti tún padà lọ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. A ra ata lọ́wọ́ ìyá àgbà. A tún jẹ àgbàdo; ṣùgbọ́n àpò wa ni a fi gbé ṣùkù rẹ̀ wálé.

Kí Ọlọ́run bùkún Ìbàdàn, kí ó sì bùkún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.