Rémórà: Ṣé Àfòmọ́ Inú Òkun Ni?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Ẹja kan wà nínú òkun tí àwọn ènìyàn ti ń fi ojú àfòmọ́ wò tipẹ́tipẹ́. Rémórà ni orúkọ rẹ̀. Ara ẹja ekurá, àbùùbùtán àti ìjàpá òkun ni í máa lẹ̀ mọ́ kiri.

Ìtumọ̀ orúkọ yìí ní èdè Látìnì ni ‘ìdádúró’. Adọ́kọ̀mú ni àwọn Gíríìkì pè é ní tiwọn. Pliny, ará Róòmù tí ó kú ní ọdún 79, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹja yìí ni ó di ọkọ̀ Antony mú nígbà ogun Actium, ní ọdún 31 ṣáájú ìbí Jésù. Irọ́ pátápátá ni. Ẹja tí èyí tí ó gùn jù nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà kan lọ, ipá wo ni yóò fi dá ọkọ̀ ogun dúró? Ẹni tí a bá ṣẹ́gun kì í ṣàì rí ohun tí yóò di ẹ̀bi rù.

Síbẹ̀, dídìmú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó yí padà, tí ó sún wá sí àtàrí, tí ó di ohun tí ó rí bí àwo. Egungun pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tò sínú àwo náà bí gíláàsì fèrèsé tí a ń ṣí tí a ń pa dé. Bí ẹja náà bá gbé wọn sókè díẹ̀, àwo yóò fa ara ẹran náà mú pinpin. Ẹ̀gún wínníwínní tí ó wà lára wọn kò sì ní jẹ́ kí ó yọ̀. Bí a bá fà á sẹ́yìn, ńṣe ni yóò túbọ̀ le sí i. Àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá wẹ̀ síwájú ni yóò tú.

Àwọn apẹja ti mọ àṣírí yìí kí àwọn onímọ̀ tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ní 1494, àwọn atukọ̀ Columbus rí àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ Kúbà tí wọ́n so okùn mọ́ ìrù rémórà, tí wọ́n sì tú u sílẹ̀ sí ìjàpá òkun. Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, wọn a fa okùn títí ìjàpá yóò fi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Òǹwòran lè béèrè pé, ti àfòmọ́ ńkọ́? Àfòmọ́ ń fa omi ara igi mu. Rémórà kì í mu ẹ̀jẹ̀. Orí ni ó fi ń dì mú, kì í ṣe ẹnu. Kòkòrò tí ń jẹ ara ẹran náà, èérún oúnjẹ rẹ̀, àti ìgbẹ́ rẹ̀ pàápàá, ni ó ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹrù ni lára ẹni tí ń gbé e, àwo rẹ̀ a sì máa ha ara nígbà mìíràn. Ẹja ekurá mìíràn a máa fi ara ha iyanrìn ìsàlẹ̀ omi kí ó lè bọ́. A máa bọ́ nígbà mìíràn, a sì tún padà wá lẹ̀ mọ́ ọn.